Àláàmù èéfín ń ké ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń dín nǹkan, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni?

Ìyá_Ìbejì_Òde

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ dá mi lóhùn. Ìjẹ̀bú-Òde là ń gbé, yàrá méjì àti pálọ̀ nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi àti ọkọ mi, àwọn ìbejì tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, àti ìyá ọkọ mi tí etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London fi àláàmù èéfín méjì rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wá wo Ojúde Ọba sí wa, ó ní kí n má fi ṣeré rárá. Ọkọ mi kan ọ̀kan mọ́ òkè ilẹ̀kùn kíṣìnì, ìkejì ṣì wà nínú páálí ẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Wàhálà ẹ̀ nìyí: kò sọ́jọ́ tí mo máa dín dòdò tàbí àkàrà tí kò ní ké, igbe ẹ̀ sì le débi pé àwọn tó ń gbé lókè á sáré sọ̀ kalẹ̀ wá bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tó sú mi mo yọ bátìrì ẹ̀, ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí, mi ò sì rántí ẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ilé kan jó ládùúgbò wa, nǹkan bí aago méjì òru. Wọ́n ní ẹ̀kísténṣọ̀n tí wọ́n ki gbogbo nǹkan bọ̀ ló gbiná nígbà tí wọ́n mú iná dé. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí ò lọ sí i. Àmọ́ ohun tí ò kúrò lójú mi ni bàbá ilé yẹn tó di bọ́gílárì mú látinú, tó ń mì ín, tó ń pariwo "kọ́kọ́rọ́ dà, kọ́kọ́rọ́ dà", àwa tá a wà níta ò sì rí nǹkan kan ṣe, àfìgbà tí àwọn ọmọkùnrin kan gbé dígà dé tí wọ́n fi já a. Látọjọ́ yẹn mi ò rí oorun sùn dáadáa, tí mo bá jí lóru màá lọ fọwọ́ kan gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló yẹ kí n gbé nǹkan yìí sí tí kò fi ní máa ké sí dòdò? Ṣé ó lè gbọ́ òórùn gáàsì? Àmì kan tún wà lẹ́yìn ẹ̀ tó dà bí abẹ́ fáànù mẹ́ta, ọkọ mi ní àmì nǹkan olóró ni, ṣé kò ní ṣe àwọn ọmọ mi ní jàǹbá?

Wáyà_Ṣágámù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu àdúgbò yín o. Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe níbí ní Ṣágámù, ó ti lé lógún ọdún. Ẹ kọ́kọ́ dìde kí ẹ lọ dá bátìrì yẹn padà sínú ẹ̀, kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Àwọn bàbá wa ní a kì í gbé iná sórí òrùlé sùn.

Àláàmù yẹn ò ṣe nǹkan tí kò yẹ kó ṣe, ibi tí wọ́n kàn án mọ́ ni kò dáa. Ó yẹ kó jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń dáná tó mítà 3 ó kéré tán, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ gbé e sí pásééjì tó wà láàárín kíṣìnì àti àwọn yàrá, lójú sílìn, nítorí òkè ni èéfín ń kọ́kọ́ lọ, ó máa tẹ́ sójú sílìn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bá èèyàn. Ẹ má gbé e sí kọ̀rọ̀ ibi tí ògiri àti sílìn ti pàdé, afẹ́fẹ́ kì í yí dáadáa níbẹ̀, ẹ fi nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fáànù o, fáànù á kàn máa fẹ́ èéfín kúrò níbẹ̀ ni, èyí ni mo ti rí jù nílé àwọn èèyàn. Ìkejì tó wà nínú páálí, yàrá Màmá ni kí ẹ gbé e sí. Tí owó bá ti wá lẹ́yìn náà kí yàrá tiyín àti tàwọn ọmọ náà ní tiwọn.

Ti àmì tí ẹ rí lẹ́yìn ẹ̀, oríṣi méjì ni àláàmù yìí. Eléyìí tó ní àmì yẹn, nǹkan bíńtín kan tí wọ́n ń pè ní americium-241 ló wà nínú ẹ̀, òun ló jẹ́ kí iná mànàmáná díẹ̀ máa gba inú afẹ́fẹ́ ihò kékeré kan kọjá, tí èéfín bá wọ ihò yẹn iná yẹn á dín kù, ìyẹn ló fi ń mọ̀ tó fi ń ké. Kò ní ṣe yín ní nǹkan kan lójú sílìn níbẹ̀, ìtànṣán tó ń ti ara ẹ̀ jáde jù lọ, bébà lásán lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má tú inú ẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọ́ ọ, ẹ má sì jù ú sínú iná tó bá bà jẹ́. Oríṣi kejì kò ní àmì yẹn, ìmọ́lẹ̀ ló ń lò, ìmọ́lẹ̀ kékeré wà nínú ẹ̀, èéfín tó bá wọlé á tan ìmọ́lẹ̀ yẹn sí ojú tó ń ṣọ́ ọ.

Ìyàtọ̀ wọn ṣe pàtàkì gan-an. Ti àkọ́kọ́ yá láti gbọ́ iná tó ń jó fòò, bíi bébà tàbí epo bẹntiróòlù. Ti onímọ́lẹ̀ ló yá láti gbọ́ iná tó ń jó wọ́ọ́rọ́wọ́, irú èyí tó máa ń wọnú fóòmù àga tàbí mátírẹ́ẹ̀sì, bíi kọ́ìlì ẹ̀fọn tó bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa rú èéfín fún wákàtí kan kó tó di pé ọwọ́ iná yọ. Òun kì í sì í tètè ké sí dòdò. Tí ẹ bá máa ra òmíràn, onímọ́lẹ̀ ni kí ẹ béèrè fún.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ yí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì, ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n. Ọdún 10 ni wọ́n ń lò, kì í ṣe látìgbà tí ẹ kàn án, látìgbà tí wọ́n ti ṣe é ni. Bọ́tìnnì kan wà níwájú ẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá ń dún kíún lẹ́ẹ̀kan, tó dákẹ́, tó tún dún kíún bíi lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, bátìrì ló ń tán. Lásìkò ọyẹ́ pàápàá ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku ara ẹ̀, eruku máa ń jẹ́ kó ké lásán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀kísténṣọ̀n nítorí òun gan-an ni iṣẹ́ mi. Èyí tó dáa jù nínú wọn, iná tó lè gbé ò ju áńpíà 13 lọ, ìyẹn nǹkan bíi wáàtì 3,000. Kẹ́tùlù oníná kan ṣoṣo lè jẹ wáàtì 2,000 nínú ẹ̀. Ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù sí i, ẹ fi fíríìsà sí i, ẹ wá ká wáyà ẹ̀ jọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ooru ò ríbi jáde mọ́, rọ́bà ẹ̀ á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ayédèrú tí wọ́n ń tà káàkiri pàápàá, ẹ tú u wò, wáyà inú ẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ máa ṣọ́: orí pílọ́ọ̀gì tó bá ń gbóná lọ́wọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá dúdú lójú, àti òórùn bíi rọ́bà tàbí ẹja jíjó tí ẹ ò mọbi tó ti ń wá. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ẹ̀ ẹ pa á láti méènì, ìyẹn swíìṣì ńlá tó ń gbé iná wọ ilé, kí ẹ pe oníwáyà. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ ẹ pa gbogbo ohun tó ń gbóná lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde tàbí kí ẹ tó sùn. Ilé tí mo ti tún wáyà ṣe lẹ́yìn tó jó, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ, áyọ́ọ̀nù wà lójú iná, wọ́n mú iná lọ, wọ́n gbàgbé, wọ́n jáde, iná dé.

Ọmọ_Alárè_Òkè_Òkun

Ẹ ṣé Wáyà, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, ìlú Ọba ni mo wà. Níbí, látoṣù kẹwàá ọdún 2015, òfin ti de àwọn onílé ní England pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi àláàmù èéfín sí àjà kọ̀ọ̀kan nílé tí wọ́n bá fi rẹ́ǹtì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé mo rò pé wọ́n kàn ń yọ èèyàn lẹ́nu ni. Ó di òru ọjọ́ kan tí mo fi fóònù sí ṣájà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo sùn lọ ní pálọ̀, àláàmù ló jí mi, mo débẹ̀ mo bá ihò nínú mátírẹ́ẹ̀sì tó tó àwo ìjẹun, èéfín ti gba ìdajì yàrá láti òkè wálẹ̀, mi ò sì gbọ́ òórùn kankan lójú oorun.

Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. A máa ń sọ pé èéfín nìyì iná, ṣùgbọ́n èéfín yẹn ló ń kọ́kọ́ pa èèyàn kí ọwọ́ iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Imú kì í jí èèyàn lójú oorun, etí ló ń jí wa. Ẹni tó bá rò pé òun máa gbọ́ òórùn kí òun tó sá, kó má gbára lé e. Tí èéfín bá ti gba ilé kí ẹ rákò ni, afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí wà nítòsí ilẹ̀.

Ẹ máa ti ilẹ̀kùn yàrá tí ẹ bá fẹ́ sùn. Títì tí mo wí, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́, kó ṣá ti pa dé. Ilẹ̀kùn tó pa dé máa ń dá èéfín àti ooru dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìṣẹ́jú yẹn lè jẹ́ ẹ̀mí ọmọ. Ẹ má padà wọlé nítorí fóònù tàbí sàtífíkéètì. Níta ni kí ẹ ti pe 112, kí nọ́ńbà àwọn panápaná tó sún mọ́ yín jù náà sì wà nínú fóònù gbogbo àgbà ilé, ẹ lọ síléeṣẹ́ wọn kí ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Bàbá_Onílé_Ìkẹ́nnẹ́

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dáa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè nǹkan kan torí bọ́gílárì wà lára gbogbo fèrèsé ilé mi, èmi náà ni mo ní kí wọ́n ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olè ti wọlé tọ̀ wá kí n tó ṣe é. Wọ́n ń sọ pé kí èèyàn fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àwọn olè yìí sì máa ń fi igi gígùn fa kọ́kọ́rọ́ látojú fèrèsé, ó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò mi. Àwa ò fẹ́ kú síná, a ò sì fẹ́ kí olè pa wá. Kí wá ni ká ṣe?

Wáyà_Ṣágámù

Bàbá, òtítọ́ lẹ sọ, ẹ̀rù olè ló sọ ilé wa di àgò. Ohun tí mo ṣe nílé mi nìyí. Mo kan ìṣó kan mọ́ ògiri pásééjì, níbi tí ọwọ́ tàbí igi kankan ò lè dé láti fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n tí ẹni tó bá ń sá jáde gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ó wà nísàlẹ̀ níwọ̀n ibi tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè na ọwọ́ dé. Kọ́kọ́rọ́ kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú kúrò fún ohunkóhun, ìyá àwọn ọmọ mi fi aṣọ pupa so ó, tọ́ọ̀ṣì kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Èkejì ni pé yàrá kọ̀ọ̀kan, kí fèrèsé kan ṣoṣo níbẹ̀ ní bọ́gílárì tó ṣeé ṣí. Kí wẹ́dà gé e, kó fi ínjì sí i, kó fi agádágodo sí i látinú, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ á wà nínú yàrá yẹn níbi tí ọwọ́ olè ò lè dé. Owó tó máa ná yín ò tó owó tí ẹ fi ṣe bọ́gílárì náà. Àláàmù á jí yín, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá jí yín tán tí ẹ ò sì ríbi gbà jáde ńkọ́? Bàbá tí Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn, oorun kọ́ ni ìṣòro tiẹ̀, ó ti jí, kọ́kọ́rọ́ ni ò rí.

Ìyá_Onígáàsì_Ìpẹru

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti gáàsì torí òun ni mò ń tà. Rárá o, àláàmù èéfín ò lè gbọ́ gáàsì. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ sí, á máa lọ wọ́ọ́wọ́ wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, àláàmù yín sì wà lókè sílìn. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn gan-an, wọ́n fi sínú ẹ̀ ni, gáàsì fúnra ẹ̀ ò ní òórùn. Tí ẹ bá gbọ́ ọ ẹ má tan iná, ẹ má sì pa èyí tó wà ní títàn, ẹ má ṣáná, ẹ má tẹ fóònù níbẹ̀. Ẹ pa fáàfù orí sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí gbogbo yín jáde.

Mo tún ń bẹ yín, ẹ yé fi ìṣáná wá ibi tí gáàsì ti ń jò! Mo ń rí i lọ́wọ́ àwọn kọsítọ́mà mi ó sì máa ń dùn mí. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kó hó, ẹ fi kànrìnkàn pa á sára rọ́bà àti ìdí rẹ́gúlétọ̀, ibi tó bá ti ń yọ ìfófòó níbẹ̀ ló ti ń jò. Rọ́bà tó bá ti le gbagidi tàbí tó ti ń là, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Kí sílíńdà wà níta tí ààyè bá wà, kó sì máa dúró lórí ìdí ẹ̀, kò gbọdọ̀ sùn.

Ti dòdò tí Ìyá Ìbejì ń dín, tí òróró bá gbiná nínú agbada, ẹ má da omi sí i láé. Omi á rì sísàlẹ̀ òróró, á hó lójijì, á gbé òróró oníná sókè sójú yín àti sára kọ́tìnnì. Ẹ pa gáàsì, ẹ fi ìdérí ńlá bò ó, ẹ má gbé e kúrò lójú kan, ẹ má ṣí i títí á fi tutù. Tó bá jó ọmọ lára, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ni kí ẹ fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe omi yìnyín, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́sípítù.

Ẹni tó ṣì ń lo sítóòfù, ẹ má bu karosíìnì sí i nígbà tó bá ń jó lọ́wọ́. Karosíìnì tí wọ́n bá sì ti da bẹntiróòlù pọ̀ mọ́, bọ́ǹbù ni.

Tíṣà_Ìlíṣàn

Mo kàn fẹ́ fi ti jẹnẹrétọ̀ kún un, kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu bà á. Gáàsì tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò lóòórùn, kò ní àwọ̀, àláàmù èéfín ò sì mọ̀ ọ́n, ó ní àláàmù tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹnì kan tí mo mọ̀ dáadáa gbé jẹ́ńn sí pásééjì nítorí òjò àti olè, ilẹ̀ mọ́ a ò rí ẹni tó dá wa lóhùn nínú ilé yẹn. Kó wà níta gbangba, mítà 6 sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn èyíkéyìí, kí ẹnu ẹ̀ kọjú síbòmíràn. Èédú pípọ́n náà rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e wọ yàrá tẹ́ ẹ máa sùn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì tó bá mú gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má pè é ní ibà, ẹ sáré jáde.

Ìyá_Ìbejì_Òde

Ẹ ṣeun ṣeun, gbogbo yín pátá, ilé ò ní jó yín o. Mo yí ẹ̀yìn àláàmù méjèèjì bí ẹ ṣe wí. Èyí tó wà lókè kíṣìnì tó ní àmì yẹn, 2012 ló wà lẹ́yìn ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi ní òun tú u lára ilé tí òun kó kúrò ni, òun ò mọ̀ pé ó ní ọjọ́ orí. Èyí tó wà nínú páálí, 2021 ni wọ́n ṣe é, kò sì ní àmì kankan, onímọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò rí i pé èyí tó gbó là ń lò, tí tuntun ń sùn nínú páálí.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé a ṣe ohun kan. Ọkọ mi pa gbogbo iná ilé, ó pariwo "iná o!", ó ní kí gbogbo wa jáde. Ẹ gbọ́, Táyé jáde, Kẹ́hìndé ò jáde. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti lọ fà á, ó ní òun sá pa mọ́ kí iná má bàa rí òun. Omi bọ́ lójú mi nínú òkùnkùn yẹn. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wá ńkọ́, inú àpò ṣòkòtò tí ọkọ mi bọ́ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ló wà, ẹni tó ní kí a jáde gan-an ló ń wá a. A ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta sí i, Kẹ́hìndé ti mọ̀ báyìí pé abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé la ti ń pàdé, kọ́kọ́rọ́ sì ti wà lórí ìṣó pẹ̀lú aṣọ pupa bí Wáyà ṣe ṣe tiwọn.

Ti Màmá, a kọ́kọ́ gbé àláàmù tuntun sí pásééjì, a ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, a pa ilẹ̀kùn yàrá wọn dé, a tẹ bọ́tìnnì. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan, ohùn ẹ̀ tín-ín-rín jù fún etí wọn. Ìgbà tá a gbé e wọnú yàrá wọn ni wọ́n tó dìde jókòó, wọ́n béèrè pé ta ló ń ké. Ibẹ̀ ló máa wà, a ó sì ra méjì onímọ́lẹ̀ sí i fún pásééjì àti yàrá àwọn ọmọ. Àwọn ará òkè tí wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá bínú sí wa tẹ́lẹ̀, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn, mo ní tí iná bá ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ojú àtẹ̀gùn ni èéfín máa gbà bá wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa fẹ́ gbà sá. Wọ́n dá owó jọ lálẹ́ ọjọ́ náà fún ti ojú àtẹ̀gùn.

Wẹ́dà ti wá wọn fèrèsé. Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀ wá gé e, ti yàrá Màmá la ó ti bẹ̀rẹ̀.